Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àtúnṣe ààbò tó ń wọ kọ̀ǹpútà ilé lóṣooṣù

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ yìí ju èyí tí àyè wa lè gbà lọ. A kó àwọn tó jọra pọ̀, a sì gé àwọn tó gùn kúrú. Windows ni púpọ̀ nínú yín ń lò, nítorí náà òun ló gba àyè jù. Àwọn onímáàkì àti onílínúùsì, ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá. Orúkọ bọ́tìnnì la fi sílẹ̀ bí ẹ ṣe máa rí i lójú kọ̀ǹpútà, kí ó má bàa ṣòro fún yín láti wá a.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà mi fi ń bèèrè àtúnṣe lóṣooṣù? Ṣé wọn ò lè ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan ni?

Ìdáhùn: Wọn ò lè ṣe é tán, mà. Ihò tí wọ́n ń dí kì í ṣe ihò tí wọ́n mọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ Windows. Àwọn olùṣèwádìí ààbò, àwọn òṣìṣẹ́ Microsoft fúnra wọn àti àwọn ọ̀daràn ni wọ́n jọ ń tú u wò lójoojúmọ́, tí wọ́n ń wá àṣìṣe inú rẹ̀. Èyí tí ẹni rere bá kọ́kọ́ rí, ó máa ń fi tó ilé iṣẹ́ náà létí ní bòókẹ́lẹ́. Wọ́n á ṣe àtúnṣe rẹ̀, wọ́n á sì kó gbogbo rẹ̀ jáde pọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ti ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2003 ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé ọjọ́ tí àtúnṣe bá jáde náà ni àṣírí ihò ń tú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò gbé fáìlì àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, yóò wo ibi tí wọ́n ti yí i padà, á sì mọ ihò tí wọ́n dí. Kọ̀ǹpútà tí kò tíì gba àtúnṣe ni yóò wá máa wá kiri. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan tí wọ́n ń pè ní MS17-010 jáde. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún náà, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ WannaCry bẹ̀rẹ̀ sí í ti fáìlì àwọn èèyàn pa káàkiri ayé, ó ń bèèrè owó ìtúsílẹ̀, ihò yẹn gan-an ló sì ń gbà wọlé. Àtúnṣe ti wà nílẹ̀ fún bí oṣù méjì kó tó dé.

Ìbéèrè: Mo rìnrìn àjò, kọ̀ǹpútà mi sì wà ní pípa fún oṣù mẹ́rin. Ṣé kí n fi ti oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Àkópọ̀ ni àtúnṣe Windows: ti oṣù yìí ti gbé ti àwọn oṣù tó kọjá dání. Ẹ ṣí Settings, ẹ bọ́ sí Windows Update, ẹ tẹ Check for updates, kí ẹ gba ohun tó bá gbé wá. Tó bá ti tún ara rẹ̀ tàn, ẹ padà síbẹ̀ kí ẹ tún un tẹ̀, torí pé àwọn kan máa ń dúró dìgbà tí ti àkọ́kọ́ bá parí. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kọ You're up to date. Kó tó dé ibẹ̀, ẹ má fi kọ̀ǹpútà náà wọ àkáǹtì báńkì yín.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i dájú pé ó wọlé, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, ẹ tẹ R, ẹ kọ winver, kí ẹ tẹ Enter. Àpótí kékeré kan yóò yọ, nọ́ńbà kan yóò sì wà nínú rẹ̀ tó ní àmì tó-tò láàárín. Àwọn tó ṣáájú àmì náà ń sọ irú Windows tó jẹ́: 19045 ni Windows 10 tó kẹ́yìn, 26100 ni Windows 11 24H2. Àwọn tó tẹ̀lé àmì náà ló ń gòkè lóṣooṣù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe àtúnṣe, kí ẹ tún un wò lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá yí padà, àtúnṣe oṣù yẹn kò wọlé, ohunkóhun tí ì báà kọ sí ojú yín.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ní àtúnṣe ló ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́, pé kí n ti i pa pátápátá. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín rí kì í ṣe irọ́, ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín ni a ò fara mọ́. Àtúnṣe máa ń ní ìṣòro lóòótọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ KB5034441 kọ̀ láti wọ ọ̀pọ̀ Windows 10, ó ń gbé nọ́ńbà àṣìṣe 0x80070643 jáde. Ohun tó fà á ni pé apá díìsìkì tí Windows fi ń gba ara rẹ̀ là nígbà ìṣòro kéré jù: ó nílò 250 MB tó ṣófo níbẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ò sì ní in. Kò ba fáìlì ẹnikẹ́ni jẹ́, ṣùgbọ́n ó da ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn rú.

Bí ẹ bá ń bẹ̀rù, ẹ sún un síwájú, ẹ má ti i pa. Bọ́tìnnì Pause updates wà ní ojú Windows Update, ẹ sì lè fi dá a dúró láti ọ̀sẹ̀ kan títí dé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Lójú tiwa, ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan ti tó. Láàárín ìgbà yẹn, bí àtúnṣe náà bá ní àléébù ńlá, ariwo rẹ̀ á ti ta. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti pọ̀ jù, torí àtúnṣe oṣù mìíràn á ti bá a níbẹ̀. Ẹ tún pa Get the latest updates as soon as they're available, bí ó bá wà ní títàn, nítorí òun ló ń sọ yín di ará iwájú nínú àwọn tó ń dán nǹkan tuntun wò. Èyí tó bá sì kọ Preview sára, tó máa ń jáde ní ìparí oṣù, ẹ fi sílẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò bá ti Ìṣẹ́gun kejì wá lóṣù tó ń bọ̀.

Ìgbà kan wà tí kò sí sísún síwájú: bí ìròyìn bá sọ pé àwọn ọ̀daràn ti ń lo ihò náà kí àtúnṣe tó jáde, tàbí tí Microsoft bá gbé àtúnṣe jáde ní ọjọ́ tí kì í ṣe Ìṣẹ́gun kejì nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. Ẹ ṣe é lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ti àwọn sọ́fíwíà kéékèèké tí wọ́n ní àwọn lè pa Windows Update títí láé, ẹ má gbé wọn sún mọ́ kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ba ìforúkọsílẹ̀ àwọn iṣẹ́ inú Windows jẹ́, bí ẹ bá sì yí ọkàn padà lọ́la, kò ní rọrùn láti dá a padà.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe kí n tó tẹ Restart? Ọmọ mi fi agbára pa láptọ́ọ̀pù nígbà tó dé 30%, ó sì gba gbogbo òru kó tó padà bọ̀ sípò.

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo àyè tó kù lórí díìsìkì C. Fún ti oṣooṣù, a máa ń fẹ́ kó ní GB mẹ́wàá ó kéré tán, fún àtúnṣe ńlá ọdọọdún kí ó tó 20 GB tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí kò bá tó, ẹ lọ sí Settings, System, Storage, Temporary files. Ẹ fi àmì sí Windows Update Cleanup àti Delivery Optimization Files, kí ẹ pa wọ́n rẹ́. Ẹ ṣọ́ra o: Downloads wà nínú àtòjọ yẹn náà, bí ẹni pé ìdọ̀tí ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi àmì sí i láìwò, gbogbo ìwé tí wọ́n ti kó síbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ sì lọ.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀dà ìpamọ́. Ẹ da ìwé àti fọ́tò yín kọ sórí háàdì díìsìkì tó ṣeé gbé kiri, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà tí ẹ bá ṣe tán. Ẹ yọ fíláàṣì àti káàdì náà, torí pé àwọn kọ̀ǹpútà kan máa ń gbìyànjú láti tàn láti ara wọn.

Ẹ tún wá kọ́kọ́rọ́ BitLocker yín kí ẹ tó nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Windows 11 ló ti díìsìkì wọn pa fúnra wọn ní ọjọ́ tí ẹ fi àkáǹtì Microsoft wọlé, láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Lẹ́yìn àwọn àtúnṣe kan, pàápàá tó bá kan BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó tàn), kọ̀ǹpútà lè yọ ojú búlúù kan tó ń bèèrè kọ́kọ́rọ́ náà, nọ́ńbà gígùn kan tó ní dígíìtì 48. Láìsí nọ́ńbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè ṣí díìsìkì náà. Ẹ fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn wọ aka.ms/myrecoverykey pẹ̀lú àkáǹtì kan náà, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tó ń ṣí.

Ẹ wá ki ṣájà bọ̀ ọ́, kí ẹ tẹ Restart. Kì í ṣe Shut down lásán o: lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, pípa lásán kì í ṣe pípa tán, torí Fast Startup ń fi ọkàn Windows pamọ́ sórí díìsìkì kó lè tètè tàn. Restart ló ń pa á dé gbòǹgbò, àfi bí ẹ bá rí Update and shut down tí ẹ sì mú un.

Ní ti 30% tí ọmọ yín pa á: Windows kì í lè pààrọ̀ fáìlì tí òun fúnra rẹ̀ ń lò lọ́wọ́. Ó máa ń ṣe ìdajì iṣẹ́ nígbà tí ẹ ń bá tiyín lọ, á wá pààrọ̀ èyí tó kù nígbà tó bá ń pa àti nígbà tó bá ń tàn. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe aago. Ó lè dúró lójú kan fún ogún ìṣẹ́jú, kó wá fò lọ sí 75%. Lórí SSD, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sábà máa ń gbà. Lórí háàdì díìsìkì àtijọ́ tó ń yí, wákàtí kan kì í ṣe ohun ìyanu. Bí iná díìsìkì bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ fi sílẹ̀. Bí wákàtí méjì bá kọjá tí nǹkan kan ò mì, ẹ lè wá di bọ́tìnnì iná mú. Windows tọ́jú fáìlì àtijọ́, nítorí náà ó sábà máa ń kọ Undoing changes made to your computer, á sì dá ara rẹ̀ padà. Ohun tó gba gbogbo òru lọ́wọ́ yín nìyẹn. BIOS nìkan ni kò gba irú àwàdà yìí: bí iná bá lọ nígbà tó ń gba àtúnṣe BIOS, bọ́ọ̀dù náà lè kú.

Kó má bàa tún ara rẹ̀ tàn nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́, ẹ wọ Advanced options, kí ẹ sọ wákàtí iṣẹ́ yín fún un ní Active hours. Ó gbà tó wákàtí 18 lójúmọ́.

Ìbéèrè: Ti èmi ò wọlé rárá. Ó kọ 0x80073712. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ títí.

Ìdáhùn: Ìtumọ̀ nọ́ńbà yẹn ni pé fáìlì kan sọnù tàbí bàjẹ́ nínú àká tí Windows ti ń mú ẹ̀yà ara rẹ̀. Bí ẹ tẹ Retry ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ fi máòsì ọwọ́ ọ̀tún tẹ Command Prompt, kí ẹ mú Run as administrator. Ẹ kọ èyí, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ ṣáájú ìlà dídà kọ̀ọ̀kan:

DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth

Íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà, torí pé ọ̀dọ̀ Microsoft ni yóò ti lọ mú fáìlì tó dára wá. Ó sábà máa ń dúró pẹ́ ní 62.3%. Kò kú, ẹ má tì í. Tó bá parí, ẹ kọ:

sfc /scannow

DISM ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Inú àká tí DISM tún ṣe ni sfc ti ń mú fáìlì, bí ẹ bá dà á rú, fáìlì tó bàjẹ́ lẹ máa fi rọ́pò fáìlì tó bàjẹ́. Lẹ́yìn méjèèjì, Restart, kí ẹ tún gbìyànjú.

Bó bá ṣì kọ̀, ó lè jẹ́ pé ohun tó fà wọlé ló ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Nínú fèrèsé dúdú yẹn náà, ẹ kọ ìlà márùn-ún yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

net stop wuauserv
net stop bits
ren C:\Windows\SoftwareDistribution SoftwareDistribution.old
net start bits
net start wuauserv

Orúkọ fódà lẹ yí padà, Windows á ṣe tuntun fúnra rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ ìgbàwọlé látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ní Access is denied, iṣẹ́ kan ti tún jí láàárín. Ẹ tún ìlà méjì àkọ́kọ́ kọ kíákíá kí ẹ sì tẹ̀ lé e. Update history yín lè ṣófo lẹ́yìn èyí. Ẹ má fòyà, àkọsílẹ̀ ló lọ, àwọn àtúnṣe ṣì wà níbẹ̀. Tí àtúnṣe bá ti wọlé dáadáa, ẹ pa fódà .old rẹ́.

Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí asán lórí Windows 11, ẹ wọ Settings, System, Recovery, kí ẹ wo Fix problems using Windows Update. Reinstall now tó wà níbẹ̀ ń tún Windows fi sílẹ̀ lórí ara rẹ̀, ó ń fi fáìlì àti sọ́fíwíà yín sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Ẹ̀yin tí ẹ rí nọ́ńbà mìíràn: 0x80070070, díìsìkì ti kún. 0x8024402C, kọ̀ǹpútà kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Microsoft. Ẹ pa VPN tàbí proxy, kí ẹ sì wo déètì àti aago kọ̀ǹpútà yín, torí aago tó bá ṣìnà lè dí ìbánisọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Àtúnṣe wọlé tán, ojú kọ̀ǹpútà wá dúdú, kò sì kọjá ibẹ̀. Ṣé gbogbo iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn?

Ìdáhùn: Kò lọ. Ẹ tan án, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àmì ilé iṣẹ́ jáde, ẹ di bọ́tìnnì iná mú títí yóò fi kú. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, Windows á fura fúnra rẹ̀ pé nǹkan kò lọ déédéé, á sì wọ ojú búlúù tí wọ́n ti ń gbà á là. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa mú Troubleshoot, Advanced options, Uninstall Updates, kí ẹ sì mú Uninstall latest quality update. Quality ni ti oṣooṣù. Feature ni ti ńlá ọdọọdún. Kọ́kọ́rọ́ BitLocker tí a sọ lókè, wọ́n lè bèèrè rẹ̀ níbí.

Bó bá ń tàn, àmọ́ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí ohùn ṣíwọ́ iṣẹ́, ẹ má tíì yọ àtúnṣe ààbò. Ẹ tún driver ohun náà (sọ́fíwíà tó ń jẹ́ kí Windows lè lò ó) fi sílẹ̀ láti ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ìyẹn ló sábà máa ń jẹ́. Àfi bí kò bá gbà ni kí ẹ wọ Settings, Windows Update, Update history, Uninstall updates, ẹ mú KB ti oṣù náà, kí ẹ sì Pause fún ọ̀sẹ̀ kan kó má bàa tún wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà.

Ìbéèrè: Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà nílé wa, dátà wa ò sì tó nǹkan. Ṣé kí n gbà á lẹ́ẹ̀kan sórí fíláàṣì kí n fi pín in fún gbogbo wọn?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó lè ná yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ojúlé catalog.update.microsoft.com wà, ẹ lè kọ nọ́ńbà KB síbẹ̀ kí ẹ gba fáìlì .msu (ẹ mú x64, àyàfi tí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ ti ARM). Ìṣòro rẹ̀ ni pé odindi àkópọ̀ ló ń gbé fún yín, tó sì lè ju GB kan lọ dáadáa lórí Windows 11 tuntun, nígbà tó jẹ́ pé Windows Update ń fa ìwọ̀nba ohun tó yàtọ̀ sí èyí tí kọ̀ǹpútà yín ti ní.

Èyí tó dára jù fún ilé bíi tiyín ni Delivery Optimization, tó wà ní Advanced options. Ẹ tàn án, ṣùgbọ́n Devices on my local network ni kí ẹ mú. Èkejì tó ní Internet nínú ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yín máa fi dátà yín pín àtúnṣe fún àjèjì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan gbà á tán ná, kí ẹ fi í sílẹ̀ ní títàn lórí Wi-Fi kan náà, kí àwọn méjì yòókù wá gbà á lára rẹ̀.

Bí dátà fóònù lẹ fi ń ṣe Wi-Fi, ẹ tan Metered connection lórí rẹ̀ nínú Settings, Network & internet. Windows kò ní fa ọ̀pọ̀ àtúnṣe fúnra rẹ̀ mọ́, ẹ̀yin lẹ máa tẹ Download nígbà tó bá yá yín. Ẹni tó bá tàn án kó rántí o, torí kọ̀ǹpútà náà lè máa dúró títí de ẹni tó máa tẹ Download.

Ìbéèrè: Mo ti ní áńtífáírọ́ọ̀sì tí mo sanwó fún. Ṣé mo tún nílò àtúnṣe?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́dẹ tó dúró sẹ́nu géètì kò ní kí ẹ fi fèrèsé ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ gbayawu.

Ìbéèrè: Windows 10 ni tèmi, wọ́n ní ó ti parí. Kọ̀ǹpútà náà ṣì dára. Ṣé kí n jù ú nù ni?

Ìdáhùn: Ẹ má jù ú nù. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé dópin. Ètò àfikún kan wà tí wọ́n ń pè ní ESU, tó ń gbé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ dé ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Àtúnṣe ààbò nìkan ló ń fúnni, kò sí nǹkan tuntun. Ẹ gbọ́dọ̀ wà lórí 22H2, ìyẹn ẹ̀dà Windows 10 tó kẹ́yìn, kí ẹ sì fi àkáǹtì Microsoft wọlé. Enroll now yóò wà ní ojú Windows Update. Ẹ lè gbà á láìsanwó bí ẹ bá gbà kí Windows máa tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà yín sórí àkáǹtì yẹn, tàbí kí ẹ fi 1,000 póìntì Microsoft Rewards gbà á, tàbí kí ẹ sanwó lẹ́ẹ̀kan.

Kí ẹ sì tó gbà pé kò lè gbé Windows 11, ẹ wò ó dáadáa. Ó fẹ́ TPM 2.0 (ẹ̀yà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò kọ̀ǹpútà), RAM 4 GB, àyè 64 GB lórí díìsìkì, àti ọpọlọ (processor) tó wà nínú àtòjọ Microsoft. Ti Intel, láti ìran kẹjọ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ tpm.msc. Bó bá ní òun kò rí TPM, ó lè wà níbẹ̀ kó kàn jẹ́ pé wọ́n pa á nínú BIOS: ẹ wá Intel PTT tàbí AMD fTPM, kí ẹ tàn án. A ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé bọ́tìnnì yẹn nìkan ni ìdènà. Bí ọpọlọ rẹ̀ bá ti gbó jù lóòótọ́, Linux Mint tàbí Ubuntu, àwọn ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìsí ìyọnu. Ẹ lè tàn án láti ara fíláàṣì kí ẹ dán an wò kí ẹ tó pa Windows rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kan gbogbo onílé Windows, 10 tàbí 11: ìwé ẹ̀rí Secure Boot (ohun tó ń yẹ ètò wò nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, kí ayédèrú má bàa wọlé) tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011 bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2026. Ti ọdún 2023 tó rọ́pò rẹ̀ ń bá àtúnṣe oṣooṣù wá. Kọ̀ǹpútà tí kò gbà á á ṣì máa tàn, àmọ́ kò ní rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́ fún apá tó ń tàn án.

Ìbéèrè: Mo ń ka ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú ìwé kan wá ní Chrome mi ti gbó, kí n tẹ Windows àti R, kí n lẹ ohun kan mọ́ ọn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Gbájúẹ̀ ni, sà! Ojú ìwé náà ti da àṣẹ kan kọ sínú ìrántí kọ̀ǹpútà yín ní bòókẹ́lẹ́. Bí ẹ bá tẹ Ctrl àti V, tí ẹ tẹ Enter, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi olè wọlé, áńtífáírọ́ọ̀sì sì lè máà sọ̀rọ̀ torí pé onílé ló pàṣẹ. Ẹ ó ní àwa náà ní kí ẹ tẹ Windows àti R lókè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ fi ìka ara yín kọ ni, ẹ sì lè wádìí rẹ̀ níbikíbi. Ohun tí ẹ kò kọ, tí ẹ ò sì lè kà, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ láé.

Àtúnṣe Windows kì í wá láti ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, kì í wá nínú ímeèlì, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi fóònù pe èèyàn nítorí rẹ̀. Inú Settings nìkan ni, àfi èyí tí ẹ̀yin fúnra yín bá lọ gbà ní catalog.update.microsoft.com tí a sọ lókè. Ti Chrome wà níbi àmì tó-tò mẹ́ta lókè, Help, About Google Chrome. Bí ẹ bá ti ṣí i, á wá àtúnṣe fúnra rẹ̀, ẹ ó kàn tẹ Relaunch.

Bí ẹnì kan bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, kó kọ́kọ́ yọ íntánẹ́ẹ̀tì. Kó fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn yí ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì àti báńkì padà. Lẹ́yìn náà, Windows Security, Virus & threat protection, Scan options, Microsoft Defender Offline scan. Á tún ara rẹ̀ tàn, á sì yẹ díìsìkì wò kí Windows tó jí, tí ohun burúkú náà kò fi ní ráyè fara pamọ́.

Ìbéèrè: Ẹ má gbàgbé àwa tí a kò lo Windows.

Ìdáhùn: Lórí Mac, ẹ wọ System Settings, General, Software Update, ẹ tẹ àmì i tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Automatic Updates, kí ẹ tan èyí tó kan Security Responses. Apple kò ní ọjọ́ kan pàtó nínú oṣù. Macos tó wà lóde àti méjì tó ṣáájú rẹ̀ ló sábà máa ń rí àtúnṣe gbà, èyí tuntun ló sì ń gbà á pé jù. Ẹni tí ti rẹ̀ bá ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, bí kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ ṣe wàhálà kankan, kò sí lábẹ́ ààbò mọ́.

Lórí Ubuntu àti Mint, ẹ ṣí terminal, ẹ kọ sudo apt update, lẹ́yìn náà sudo apt upgrade. Ọ̀pọ̀ ń dúró síbi ti àkọ́kọ́, wọ́n sì rò pé àwọn ti ṣe é. Àtòjọ nìkan ni ti àkọ́kọ́ ń lọ mú wá. Èkejì ló ń fi àtúnṣe sílẹ̀. Ubuntu tún máa ń gba ti ààbò fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀dà LTS rẹ̀, èyí tí àtúnṣe rẹ̀ máa ń pẹ́ jù, sì ń rí àtúnṣe gbà fún ọdún márùn-ún. Àmọ́ kernel (ọkàn Linux) tuntun kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ẹ ó fi pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún un tàn, ẹni tó sì ń fi ojú rẹ̀ dé láìpa á lè máa lo èyí tó ní ihò fún oṣù mẹ́ta láìmọ̀. Ẹ kọ cat /var/run/reboot-required lórí Ubuntu. Bó bá dáhùn pé System restart required, ó ń dúró dè yín nìyẹn. Bó bá ní òun kò rí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.